Grínháùsì ẹ̀yìnkùlé ní ìlú òtútù: ta ló ti kọ́ èyí tí yìnyín kò wó?

ỌmọẸlẹ́fọ̀ọ́_MN · 3 oṣù Kẹjọ

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Brooklyn Park ni mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ata rodo, àti ewúro méjì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìgbà tí ata bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n dáadáa, ìparí oṣù Kẹsàn-án bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, ìgbà yẹn gan-an ni ìrì dídì máa ń dé. Òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Tílẹ̀ bá mọ́, gbogbo ewé á ti dúdú, á ti rọ̀ jọwọlọ bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná lé e lórí.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí n gbìyànjú grínháùsì, ilé ọ̀rá tí èèyàn ń gbin nǹkan sínú ẹ̀ kí òtútù má pa á. Mo ra páìpù PVC, mo tẹ̀ wọ́n bí ọrun, mo ra ọ̀rá funfun tí àwọn kọ́lékọ́lé máa ń lò, mo fi bò ó. Ó rẹwà lójú mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, yìnyín rọ̀ mọ́jú. Mo jí, mo yọjú lójú fèrèsé, mi ò rí ilé kankan mọ́, òkìtì funfun ni mo rí. Ewúro méjèèjì wà lábẹ́ ẹ̀. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló gé igi rẹ̀ fún mi, ìyá náà sì ti kó padà sí Nàìjíríà. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo fẹ́ kọ́ òmíràn kí òtútù tó dé, ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú, 12 lóòró. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fi ṣe egungun ilé náà? Kí ni kí n fi bò ó? Ṣé ata àti ewúro sì lè la oṣù Kìíní já nínú ẹ̀ láì dáná?

---

Káfíńtà_Chicago · 3 oṣù Kẹjọ

Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àdánù ewúro. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. PVC ló máa ń tan ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí owó ẹ̀ kò pọ̀, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Ṣùgbọ́n tí òtútù bá ti mú un, ó máa ń le gbagidi. Tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, kíkán ló máa kán. Ọ̀rá náà kì í bá a gbé pẹ́: ibi tí ọ̀rá bá ti fara kan PVC ló máa kọ́kọ́ gbó, tó máa kọ́kọ́ ya.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó wà lórí ilé yẹn lóru ọjọ́ náà. Yìnyín tó lómi nínú lè wọn ogún pọ́n-ùn nínú àyè tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, kan lóòró, kan ní gíga. Ilẹ̀ yín jẹ́ 10 lọ́nà 12, ìyẹn 120. Tí yìnyín bẹ́ẹ̀ bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, 2,400 pọ́n-ùn ló gùn ún lórí. Mọ́tò kékeré kan ló dúró lórí páìpù omi. Ẹ̀yin ará Minneapolis ṣáà rántí Metrodome: ní 12 oṣù Kejìlá 2010, yìnyín ya òrùlé aláṣọ pápá ìṣeré ńlá yẹn, ó sì ya wọ inú pápá. Bí ti àwọn tó ní ẹnjiníà bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ti ọ̀rá wa ṣeré.

Ohun tí mo fi ṣe tèmi ni irin onílàálàá tí àwọn àgbẹ̀ ibí fi ń sé màlúù mọ́. Cattle panel ni wọ́n ń pè é, ẹ óò rí i ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Gígùn ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16, ìbú ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 50. Mẹ́ta tó yín. Ẹ óò tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, á ṣe róbótó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìṣe nìyí o. Tí ẹ bá tẹ irin ẹsẹ̀ bàtà 16 sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 10, gíga àárín ẹ̀ á kàn ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ díẹ̀ ni. Ẹ óò máa tẹ̀ba rìn nínú ilé ara yín ni. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi pákó ṣe ògiri kúkúrú yí ká, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gíga, kí ẹ tó gbé irin náà lé e. Ẹ fi igi àjà kan gba àárín kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ fi òpó méjì tì í lẹ́yìn. Òpó yẹn ló máa gbà yín lọ́wọ́ yìnyín. Tí ìbú bá tilẹ̀ lè di 8 dípò 10, ó tún dáa jù, torí orí ilé á ṣe ṣóńṣó, yìnyín á máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ọ̀rá kọ́lékọ́lé kò ṣe é lò. Oòrùn máa ń jẹ ẹ́, kò ju ìgbà ooru kan lọ tí á fi máa ya bí bébà. Ẹ béèrè ọ̀rá grínháùsì gan-an, èyí tí wọ́n fi oògùn oòrùn sí, tí nínípọn ẹ̀ jẹ́ mil 6 (mil kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì). Ó máa ń lò tó ọdún mẹ́rin.

---

ÌyáEléwé_StPaul · 4 oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ewúro kì í ṣe igi òtútù, ẹ má fi sílẹ̀ níta láé. Ó ti tó ogún ọdún tí tèmi wà lọ́wọ́ mi, kò sì tíì kú rí. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin, mo máa ń já gbogbo ewé ẹ̀, mo máa bó o, mo máa fọ̀ ọ́, mo máa kó o sínú fírísà. Lẹ́yìn náà mo máa gé igi náà kù bí gíga orúnkún mi, mo máa gbé e wọ ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Omi ife kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ti tó o. Ewé ẹ̀ á rẹ̀ dànù, ẹ má jáyà. Ó ń sùn ni. Ẹ fi èékánná ha èèpo igi náà díẹ̀: tí abẹ́ ẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó wà láàyè. Ẹ sì gé igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi lórí fèrèsé ilé ìdáná, kó máa ta gbòǹgbò. Ẹni tó ní ewúro kan ṣoṣo kò tíì ní ewúro.

Ti grínháùsì yín, ẹ kọ́ ọ, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ ewúro lé e ní oṣù Kìíní. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ igi, ẹ wá mú nílé mi nígbà ìrúwé.

---

Àgbẹ̀_Columbus · 4 oṣù Kẹjọ

Màmá ti fọ̀rọ̀ náà síbi tó yẹ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí ẹ̀, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, mo sì máa ń rí bí àwọn èèyàn wa ṣe ń náwó sórí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀.

Grínháùsì kì í dá ooru. Ooru tí oòrùn bá gbé wọlé lọ́sàn-án ló ń tọ́jú. Minneapolis wà ní nǹkan bí ìlà 45 sí àríwá. Ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán gangan kì í gòkè ju dígírì 22 lọ sójú ọ̀run níbẹ̀, ojúmọ́ kò sì pé wákàtí mẹ́sàn-án. Owó tó ń wọlé kò tó èyí tó ń jáde.

Ẹ gbọ́ ìṣirò ilé tí Káfíńtà júwe yẹn. Tí a bá ka òrùlé, ògiri àti iwájú-ẹ̀yìn pọ̀, ara ilé náà tó ẹsẹ̀ bàtà 360 níbùú-lóòró. Ká ní ọ̀rá ẹyọ kan lẹ fi bò ó, òru sì tutù dé 10°F lábẹ́ òdo (bí 23°C lábẹ́ òdo), ẹ sì fẹ́ kí inú wà ní 50°F (10°C) torí ata. Ẹ máa nílò bí 7,500 wáàtì ní gbogbo ìṣẹ́jú òru yẹn. Ẹ̀rọ ooru kékeré tí a ń ki bọ iná ara ògiri jẹ́ 1,500 wáàtì, ẹ̀rọ márùn-ún nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wáyà ilé kan tó jẹ́ 15 amp kò lè gbé ju ọ̀kan lọ. Ata kílò méjì kò tó ohun tí èèyàn ń jẹ irú gbèsè yẹn fún.

"Ẹ kó dúrọ́ọ̀mù omi síbẹ̀," ohun tí gbogbo fídíò máa ń sọ nìyẹn. Òótọ́ ni pé omi máa ń tọ́jú ooru. Dúrọ́ọ̀mù gálọ́ọ̀nù 55, tó bá tutù láti 60°F wá sí 40°F, ooru tó máa tú sílẹ̀ kò tó èyí tí ẹ̀rọ 1,500 wáàtì kan máa fún yín ní wákàtí méjì. Mẹ́fà nínú ẹ̀ kò ju wákàtí méjì ó lé díẹ̀ lọ nínú òru tó tutù bẹ́ẹ̀ yẹn. Dúrọ́ọ̀mù wúlò ní oṣù Kẹwàá àti oṣù Kẹrin, nígbà tí òtútù kàn ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Ní oṣù Kìíní, kò lè gba ata là.

Kí ló wá lè gbé inú ẹ̀? Àwọn ewé tí òtútù kì í pa: spinach tòótọ́ (kì í ṣe tẹ̀tẹ̀ tí a máa ń pè ní spinach nílé), kale, lẹ́tíúsì kan báyìí, àlùbọ́sà eléwé. Eliot Coleman, àgbẹ̀ kan ní Harborside ní ìpínlẹ̀ Maine, ti ń fi ewé báwọ̀nyí ṣiṣẹ́ ṣe nígbà òtútù láti ọdún pípẹ́, nínú grínháùsì tí kò dáná sí. Ohun tó kọ́ wa ni pé ká bo ilé, ká tún fi aṣọ fífẹ́lẹ́ bo ewé nínú ilé náà. Ó ní ìbòrí kọ̀ọ̀kan dà bí pé èèyàn gbé ọgbà ẹ̀ lọ sí gúúsù ní 500 máìlì.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù, tí wọn kì í sọ: tí ojúmọ́ bá ti kéré sí wákàtí mẹ́wàá, ewé kì í dàgbà mọ́, ó kàn máa dúró síbi tó wà ni. Lọ́dọ̀ yín, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì nìyẹn. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ ti gbin spinach yẹn ní ìparí oṣù yìí, ó pẹ́ tán, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, kó lè ti tóbi kí oòrùn tó sá. Grínháùsì á wá dà bí fírísà tí ewé ń mí nínú ẹ̀, ẹ óò máa gé e díẹ̀díẹ̀.

---

Ọmọ_Denver · 5 oṣù Kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí a ò kàn gbé sítóòfù kẹrosíìnì síbẹ̀? Nílé, a ṣáà ń fi se oúnjẹ nínú yàrá.

---

Nọ́ọ̀sì_Rochester · 5 oṣù Kẹjọ

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Ilé tí ẹ ti fi ọ̀rá dí gbogbo ihò ara ẹ̀, tí ẹ wá ń jó kẹrosíìnì tàbí gáàsì nínú ẹ̀, èéfín tí kò lóòórùn tí ojú kò sì rí ló máa kún ibẹ̀. Kì í ké sí èèyàn. Orí á kàn fọ́, ara á rọ̀, èèyàn á ní kí òun jókòó díẹ̀, ó parí. Mo ti tọ́jú ẹni tó kú díẹ̀ kó bá irú ẹ̀ lọ nínú gáréèjì. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, orúkọ ọmọ ẹ̀ kò wá sí i lẹ́nu.

Yàrá ilé wa ní Nàìjíríà ní fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé ń jáde. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná nìkan ni kí ẹ lò tó bá di dandan, kí wáyà ẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ìta.

---

Àgbẹ̀_Columbus · 5 oṣù Kẹjọ

Ẹ ṣé gan-an, Nọ́ọ̀sì. Ewé pàápàá kò fẹ́ èéfín yẹn. Tòmátì máa ń ká ewé ẹ̀ kò, òdòdó ẹ̀ á sì máa rẹ̀ dànù.

---

Ará_Peckham · 6 oṣù Kẹjọ

Lọ́dọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, òtútù kò le tó tiyín, mi ò ní ṣe bí ẹni mọ̀ jù yín lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan tó ràn mí lọ́wọ́: ọ̀rá onírugudu tí wọ́n fi ń wé àwo kó má fọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú gíláàsì láti oṣù Kọkànlá. Atẹ́gùn tó wà nínú rugudu yẹn ló ń gbéjà ko òtútù. Àlùbọ́sà eléwé mi kì í kú.

---

ỌmọẸlẹ́fọ̀ọ́_MN · 6 oṣù Kẹjọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Màmá, ẹ kú ìtọ́jú, mo máa wá gba igi yẹn. Mo ti gbà pé ata kò ní la òtútù já níbẹ̀.

Mo gbọ́ nípa bàbá kan ní Nebraska tó ń ká ọsàn nínú grínháùsì nígbà tí yìnyín wà níta. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló fi ń mú un gbóná?

---

Àgbẹ̀_Columbus · 7 oṣù Kẹjọ

Òótọ́ ni. Russ Finch lorúkọ bàbá náà, ní ìlú Alliance. Ilẹ̀ ló ń bá a dáná. Ó gbẹ́ ilẹ̀ ilé náà wọlé tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó wá ri páìpù sí jíjìn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, níbi tí òtútù kì í dé. Ilẹ̀ níbẹ̀ máa ń wà ní bí 50°F tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. Fáànù kékeré á máa ti atẹ́gùn gba inú páìpù yẹn kọjá, á gbé ooru ilẹ̀ wá sókè. Ẹ̀yìn ilé náà tó kọjú sí àríwá, ó dí i pátápátá, iwájú tó kọjú sí gúúsù nìkan ló gba ìmọ́lẹ̀.

Ọgbọ́n gidi ni, mo sì fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní oko àti katakata ni iṣẹ́ yẹn yẹ. Ní ẹ̀yìnkùlé Brooklyn Park, páìpù gáàsì àti wáyà iná àwọn aládùúgbò ló wà nínú ilẹ̀. Kódà tó bá jẹ́ ihò òpó lásán lẹ fẹ́ gbẹ́, ẹ kọ́kọ́ pe 811, wọ́n á wá fi ọ̀dà sàmì síbi tí wáyà gbà, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí ẹ lè mú níbẹ̀ ni ẹ̀yìn tó dí yẹn. Oòrùn kì í wá láti àríwá nígbà òtútù. Ẹ má fi ọ̀rá nìkan sẹ́yìn, ẹ fi fóòmù pátákó tó nípọn íǹṣì méjì dí i, kí ẹ kun inú ẹ̀ ní funfun. Ẹ ri fóòmù kan náà wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì yí ìdí ilé ká, torí òtútù máa ń gba abẹ́ wọlé bí olè.

---

Káfíńtà_Chicago · 7 oṣù Kẹjọ

Mo fi kún un. Tẹ́ ẹ bá lè ra ọ̀rá náà ní ìlọ́po méjì, tí ẹ fi fáànù kékeré fẹ́ atẹ́gùn sáàárín wọn, ooru tó ń sá lọ á dín kù dáadáa. Ọjọ́ tó móoru tí kò sí atẹ́gùn ni kí ẹ na ọ̀rá, lọ́sàn-án. Tí ẹ bá nà án nínú òtútù, tó bá di ìgbà ooru, á máa rọ̀ dirodiro, afẹ́fẹ́ á máa lù ú bí ìlù títí á fi ya.

Ẹ má gbàgbé fèrèsé lókè. Ọjọ́ tí oòrùn bá ràn ní oṣù Kẹta, inú ilé yẹn lè gbóná ju 90°F lọ nígbà tí yìnyín ṣì wà níta, ẹ sì wà níbi iṣẹ́. Irin kan wà tó ní ìda nínú: tí ó bá gbóná, ìda á wú, á ti fèrèsé sókè fúnra ẹ̀, tó bá tutù, á padé. Kò lo iná rárá. Ẹ rà á.

Ní Minnesota, ilé kékeré tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 200 níbùú-lóòró lọ kì í sábà nílò ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ṣùgbọ́n ẹ pe ọ́fíìsì ìlú yín nípa bó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọgbà aládùúgbò tó.

---

ỌmọẸlẹ́fọ̀ọ́_MN · 19 oṣù Kọkànlá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti dúró. Mo dín ìbú kù sí 8 bí Káfíńtà ṣe wí. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la jọ tẹ irin náà. Àwa méjì ò tó, aládùúgbò wa ló wá bá wa dì í mú nígbà tó fẹ́ fò padà. Ọ̀rá ìlọ́po méjì, fóòmù lẹ́yìn, òpó méjì lábẹ́ àjà. Spinach tí mo gbìn ní 28 oṣù Kẹjọ ti tó àtẹ́lẹwọ́. Ata rodo mi so nínú ẹ̀ títí di 2 oṣù yìí, oṣù kan gbáko lẹ́yìn tí ti ìta ti kú. Mo ká garawa kan ààbọ̀.

---

ÌyáEléwé_StPaul · 19 oṣù Kọkànlá

Olúwa ṣeun. Ẹ lọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi sí fírísà o.

---

ỌmọẸlẹ́fọ̀ọ́_MN · 14 oṣù Kẹta

Mo ní kí n padà wá jábọ̀. Yìnyín rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tó pọ̀ gan-an. Mo máa ń fi ìgbálẹ̀ onírun rọra tì í láti inú, ó sì ń yọ̀ bọ́. Kò sí ohun tó kán.

Òru tó tutù jù, ìta wà ní 17°F lábẹ́ òdo. Tẹmómítà inú ilé ka 6°F, èyí tó wà lábẹ́ aṣọ ka 21. Mo wọlé ní aago méje àárọ̀, mo ṣí aṣọ náà. Spinach ti sùn gbalaja sórí ilẹ̀, ewé ẹ̀ le bí ike, ó ń dán bí gíláàsì. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó kán. Mo ní ó ti tán. Mo rántí pé Àgbẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé kí n má gé e nígbà tó bá dì, kí n fi sílẹ̀. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, oòrùn ti wọlé, mo padà lọ. Gbogbo ẹ̀ ti dìde. Ó dúró ṣánṣán bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. Adùn ẹ̀ sì ju ti oṣù Kẹwàá lọ, òtútù ń mú kí ṣúgà inú ewé pọ̀ sí i.

Kale kú díẹ̀ létí ògiri, níbi tí mi ò ti ri fóòmù wọlẹ̀ dáadáa. Lẹ́tíúsì kú pátápátá. Mo sì rò pé mo dí ẹnu ọ̀nà, àṣé atẹ́gùn ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé ní gbogbo ìgbà òtútù. Àbẹ́là ni mo tàn síbẹ̀ lálẹ́ tí mo fi rí i bí iná ẹ̀ ṣe ń tẹ̀ síhìn-ín. Èyí ni mo máa kọ́kọ́ tún ṣe.

Lónìí, mo fi spinach abọ́ ńlá méjì ro ẹ̀fọ́ pẹ̀lú irú àti ata tí mo ká ní oṣù Kọkànlá. Yìnyín ṣì wà níta títí dé orúnkún.

Màmá, ṣé ewúro ti jí?

---

ÌyáEléwé_StPaul · 14 oṣù Kẹta

Ó ti jí, ó ti yọ ojú mẹ́ta. Mo ti gé igi márùn-ún sílẹ̀ fún yín. Ẹ wá ní Sátidé, ẹ mú bébà ìròyìn dání kí a fi omi rin ín, ká fi wé ìdí ẹ̀.